Ilé Ń Pọ̀ Sí I, Ọ̀nà Ò Já Síra: Ìdáhùn fún Ìyá Onílé Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò tuntun kan lẹ́yìn yunifásítì LAUTECH, lápá ọ̀nà Ìlọrin, ni mo kọ́lé sí. Láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ni mo ti ń rí òrùlé ilé ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń lọ. Kò ju nǹkan bíi mítà 200 lọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ gbé wọn jáde sí títì, kó sá lọ síwájú, kó tó tún yà wọlé lódì kejì. Ó tó kìlómítà 2. Ní Ìjerú tí wọ́n bí mi sí, kò síbi téèyàn ò lè gbà jáde. Kí ló dé tí ibi tí sọ̀fẹ́yọ̀ wọ̀n fi wá burú ju ibi tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n lọ? Bí ìlú bá kún, ṣé àwọn ọ̀nà yìí á wá já síra fúnra wọn? Ẹbí kan ti fẹ́ máa gé ilẹ̀ tó wà láàárín wa àti ilé ìwé yẹn, ẹgbẹ́ onílé wa sì tún fẹ́ fi géètì dí ẹnu ọ̀nà wa nítorí olè. Kí lẹ rí sí i?"

Ìyá wa, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Àárín ìbéèrè yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tu ara wọn nínú. Rárá o, ọ̀nà kì í já síra fúnra rẹ̀ bí ìlú bá kún. Bí ìlú bá ṣe ń kún ni àyè tí ọ̀nà ì bá gbà ń dí. Ilé lè wó kí wọ́n kọ́ òmíràn síbẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gba ipò ilé alámọ̀, ilé gbígbé lè di ṣọ́ọ̀ṣì, kó di họ́sítẹ́ẹ̀lì, kó di ilé epo. Ọ̀nà tó wà níwájú wọn ò ní kúrò níbi tó wà. Lọ́dún 1666, iná jó ìlú London débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú àtijọ́ náà di eérú. Christopher Wren, tó padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú iṣẹ́ ilé yíyà, ya ètò ìlú tuntun fún ọba wọn: títì gbọọrọ, ojúde ńlá, gbogbo ẹ̀ gún régé. Àwọn onílẹ̀ ò gbà. Oníkálukú ń wá ìpìlẹ̀ bàbá rẹ̀, ojú ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n sì padà kọ́lé sí. Bí iná tó run odidi ìlú ò bá lè tún ọ̀nà tò, kí la rò pé ilé tuntun mẹ́wàá á ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wá dé Ìjerú tẹ́ ẹ dárúkọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Láti ìgbà tí ìtàn sọ pé Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tẹ̀ ẹ́ dó, ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí ìlú Yorùbá tó kù ṣe rí lòun náà rí: ààfin láàárín, ọjà ọba níwájú rẹ̀, ọ̀nà ńlá tó ti ibẹ̀ jáde lọ sí ẹnu bodè, agbo ilé sì kún gbogbo àyè tó wà láàárín ọ̀nà kan sí ìkejì. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí ogun Fúlàní ń lé àwọn èèyàn kiri, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké tó yí wa ká ló sá wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí odi bá gbé wà, àyè ò lè fẹ̀. Ilé bá ń fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí ará ilé kejì má gba ojúde òun kọjá. Obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ á wọ ojúde onílé, á bẹ̀rẹ̀ fún igun òrùlé, "ẹ kúulé o" lẹ́nu, igbá lórí, kí wọ́n tó dá a lóhùn tán ó ti jáde lódì kejì. Tẹ́ ẹ bá wo irú ibẹ̀ nínú máàpù orí fóònù, ó lè dà bíi pé kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ni máàpù sábà máa ń mú, ọ̀pọ̀ ojú ẹsẹ̀ ò sí nínú rẹ̀.

Kí n má fi adùn yẹn bo ìkorò. Ọ̀nà àgbo ilé ò gba mọ́tò panápaná. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn lóru, ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n á fi gbé e dé títì kí mọ́tò tó lè gbé e dé ọsibítù. Omi òjò ò mọ ibi tó máa gbà, gọ́tà ò sí. Nítorí náà, n kò ní kí a lọ kọ́ Ìjerú sí ẹ̀yìn LAUTECH. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn bàbá wa ní nǹkan kan tí a ti sọ nù: bí ilé bá tilẹ̀ há, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní àdúgbò yín báyìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà.

Báwo ni ibi tí wọ́n wọ̀n ṣe wá burú ju ibi tí wọn ò wọ̀n? Ẹ wo ohun tí ilẹ̀ yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Oko ni. Ẹbí kan ló ni ibi tẹ́ ẹ wà, ẹbí mìíràn ló ni èyí tó kàn ín, odò kékeré tàbí ìlà pèrègún ló là wọ́n láàárín. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ẹni tẹ́ ẹ kówó fún: mọ́gàjí, àwọn ọmọ onílẹ̀, àti ajẹ́ǹtì tó mú yín lọ. Lọ́jọ́ tí ẹbí bá fẹ́ ta ilẹ̀, wọ́n á pe sọ̀fẹ́yọ̀. Sọ̀fẹ́yọ̀ ò ní wọn ju ohun tí wọ́n pè é sí. Á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu títì, torí ibẹ̀ ló wọ́n jù, á fa ọ̀nà kan wọ àárín ilẹ̀ lọ, á máa gé pílọ́ọ̀tì sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, títí á fi dé ibi pèrègún. Ibẹ̀ ló parí sí. Tó bá fẹ́ kí ọ̀nà já sí ilẹ̀ ẹbí kejì, á ba odidi pílọ́ọ̀tì kan tàbí ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́, mọ́gàjí á sì bi í pé ta ló máa sanwó ìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹbí kejì á pe sọ̀fẹ́yọ̀ tiwọn. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ láti títì tó wà lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀, á wọlé wá pàdé pèrègún kan náà lódì kejì. Tẹ́ ẹ bá lọ dúró síbi tí irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà, ẹ ó rí i: ọ̀nà ti apá kìíní wá kọjú sí ògiri ilé jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan, sọkawé onítọ̀hún wà níbi tí ọ̀nà ì bá gbà. Ọ̀nà ti apá kejì wà ní mítà mẹ́rin sí apá òsì, òun náà kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn. Ìwé sọ́fè méjèèjì pé, òòtẹ̀ wà lórí wọn, kò sí èyí tó ṣẹ̀ sófin. Àbùkù náà wà láàárín ìwé méjèèjì, ibẹ̀ ò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó mú un yá kánkán ní Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú Ajílété ni bí LAUTECH ṣe dé lọ́dún 1990. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, ilẹ̀ oko lápá Under-G àti Adéníkẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di họ́sítẹ́ẹ̀lì, kálukú ń gé tirẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé. Ẹ tún fi ìṣe àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún un. Bí a bá wà ní Jos, bí a bá wà ní Àbújá, bí àwọn bàbá wa bá wà ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé wọn ní ìparí ọdún 1969, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ní ilé sílé. Ẹni tí kò tíì lówó ilé á kọ́kọ́ ra ilẹ̀, á fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, á fi géètì sí i, ó di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà lánàá ti dí nìyẹn, koríko ló sì wà nínú ọgbà náà.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la wà nínú ẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Christopher Barrington-Leigh àti Adam Millard-Ball, ti lo máàpù kọ̀ǹpútà wo bí ọ̀nà ṣe ń já síra ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2015. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń là lọ́hùn-ún ń di èyí tí kò já sí i láti ìgbà tí níní mọ́tò ò tíì di ti gbogbo èèyàn, ó ń burú bọ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1994, ibẹ̀ ló ti ga jù, lẹ́yìn náà ni àwọn àdúgbò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ní oríta padà. Ìlànà ìjọba wà lára ohun tó fà á. Láti àwọn ọdún 1930 ni àjọ tó ń dúró fún owó ilé kíkọ́ lọ́hùn-ún ti ń gba àwọn akọ́lé níyànjú pé kí wọ́n fi òpópó tí kò já kọ́ àdúgbò, kí mọ́tò má baà máa sáré gba iwájú ilé kọjá. Lọ́dún 2009, ìpínlẹ̀ Virginia yí ohùn padà: wọ́n ní àwọn ò ní máa gba títì àdúgbò tuntun sí abẹ́ ìtọ́jú ìjọba àyàfi tó bá já sí ti aládùúgbò rẹ̀. Ìjọba lè ba ọ̀nà jẹ́, ó sì lè tún un ṣe.

Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹn wá wo gbogbo àgbáyé, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti rí i pé ọ̀nà tuntun ò já síra bíi ti àtijọ́, apá Gúúsù-Ìlà Oòrùn Éṣíà ò sì kẹ́yìn nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti wà ní Bangkok á mọ ohun tí wọ́n ń sọ: títì ńlá jìnnà síra, òpópó tóóró tóóró ń wọ àárín lọ láìjá, gbogbo mọ́tò á wá padà sórí títì kan náà. Ṣùgbọ́n Japan ò rí bẹ́ẹ̀, Argentina ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí àwọn èèyàn máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Kí ìlú máa fẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kí ọ̀nà rẹ̀ má já síra, ọ̀tọ̀ ni. Buenos Aires fẹ̀ débi tí ojú ò tó o, síbẹ̀ oríta mẹ́rin mẹ́rin ló ń bá a lọ ní ibi tó pọ̀ jù, torí láti ọdún 1573 ni ọba Spéìnì ti fi í sófin bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ la ọ̀nà ìlú tuntun ní apá ibẹ̀. Ìlú tó fẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ já síra, ẹ ṣì lè kọ́ ilé kún àárín rẹ̀, ẹ lè fa omi sí i, bọ́ọ̀sì lè gbà á. Ìlú tó fẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ ò já, ẹrù ni fún ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń fẹ̀ jù, n kì í bá wọn pariwo. Ìlú tó ń bímọ ò lè ṣe kó má fẹ̀.

Ẹ lè ka ti àdúgbò yín fúnra yín. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣí máàpù lórí fóònù, kí ẹ sì rin ilẹ̀ náà, torí máàpù máa ń fo nǹkan. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti parí, ẹ kọ 1 sílẹ̀ fún un. Oríta mẹ́ta, ẹ kọ 3. Oríta mẹ́rin, ẹ kọ 4. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi iye ibi tẹ́ ẹ kà pín in. Ká ní ibi mẹ́wàá lẹ kà, tí márùn-ún kò já, tí mẹ́rin jẹ́ oríta mẹ́ta, tí ẹyọ kan jẹ́ oríta mẹ́rin: 5 àti 12 àti 4 jẹ́ 21, ẹ pín in sí mẹ́wàá, 2.1 nìyẹn, kò dáa. Ká ní oríta mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, oríta mẹ́rin jẹ́ mẹ́rin, tí kò sí èyí tí kò já, 34 lẹ máa rí, 3.4 nìyẹn, àdúgbò gidi nìyẹn. Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ fi bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó lójú lásán pín bí ẹ ṣe máa rìn tó: ti ilé ìwé yẹn, mítà 2,000 lórí mítà 200, ìlọ́po mẹ́wàá. Níbi tí ọ̀nà bá ti ń dábùú ara wọn dáadáa, kò yẹ kí ìlọ́po náà fi bẹ́ẹ̀ kọjá nǹkan bí 1.4, bí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ bá ti jìnnà díẹ̀. Ìṣirò ìgun onígun-mẹ́ta tí ẹ kọ́ ní ìwé mẹ́fà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

UN-Habitat, iléeṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú, ní kí ọ̀nà gba ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àdúgbò, kí gígùn ọ̀nà tó kìlómítà 18 nínú ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà kan ní òró, kan ní ìbú, kí oríta inú rẹ̀ sì tó 80 sí 100. Tí ìyẹn bá dà bí ọ̀rọ̀ òyìnbó létí mọ́gàjí, ẹ yí i sí ti pílọ́ọ̀tì. Oríta 100 nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé mítà 100 ló wà láàárín oríta kan sí èkejì. Mítà 100 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 328. Ojú pílọ́ọ̀tì kan jẹ́ 50. Pílọ́ọ̀tì mẹ́fà kó 300, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà kan. Ìyẹn ni pé bí èèyàn bá ti ka pílọ́ọ̀tì mẹ́fà, ó yẹ kó bá oríta. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń gé nísinsìnyí, èèyàn á ka ogún láìbá nǹkan kan, a fi kó bá odi.

Ìpalára rẹ̀? Ẹ fi ti àwọn ọmọ-ọmọ yín ṣe é. Ọ̀kadà á gbé wọn lọ, á padà láàárọ̀. Á tún lọ, á tún padà lọ́sàn-án. Ìrìn mẹ́rin, kìlómítà 1.8 ni àlékún tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kìlómítà 7.2 lóòjọ́, 36 lọ́sẹ̀ kan, lórí ilé ìwé tí wọ́n ń rí òrùlé rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, owó gidi ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ẹ wá ro ti gbogbo ilé tó wà nínú àdúgbò yín. Gbogbo wọn ló ń jáde sí títì kan náà, títì tí àwọn tírélà tó ń lọ sí Ìlọrin àti òkè ọya náà ń gbà. Ẹni tó ń lọ sí ilé kejì àti ẹni tó ń gbé ìrẹsì lọ sí Kánò wá di ẹlẹgbẹ́ lójú títì. Bí ọ̀nà bá rí bí igi, tí ẹ̀ka ń dà sórí ìtì kan ṣoṣo, ohun tó bá ṣe ìtì ti ṣe gbogbo ẹ̀ka. Lọ́jọ́ tí tánkà bá dábùú níwájú àdúgbò yín, tàbí tí òjò bá gbé ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ ò jáde nìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kí oríta Takie láàárín ìlú há kò parí sí Takie. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ọ̀nà tí kò já lẹ́yìn ìlú.

Ó kan ọ̀rọ̀ géètì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù olè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, n kò sì ní bá ẹgbẹ́ onílé yín jà. Kódà ìwádìí wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi hàn pé àwọn fọ́léfọ́lé ò fi bẹ́ẹ̀ yọjú sí ilé tó wà nínú òpópó tí kò já bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí gbogbo ayé ń gbà. Òótọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀ ń tan yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò já náà ni mọ́tò ọlọ́pàá ò lè gbà lódì kejì nígbà tí olè bá ti wọlé, òun náà ni panápaná á ṣìnà nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí géètì máa ti lálẹ́, kí ọdẹ wà níbẹ̀, kí ó sì ṣí gbayawu láti ìdájí títí di alẹ́, kí ilẹ̀kùn kékeré tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ gbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Géètì tí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù mọ pa pátápátá, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ ọ́n lónìí á kú, ẹni tó ra ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi ṣọ́ọ̀bù sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àtúnṣe ńkọ́? Ní ibi tí ilé ti kún, ẹ má lé ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà láàárín fẹ́ǹsì méjì tó fún ọmọ ilé ìwé, ó tó fún obìnrin tó gbérù, ọ̀kadà pàápàá á fipá gbà á. Níbi tó bá jẹ́ pé odò kékeré ló gé ọ̀nà, afárá tí àwọn onílé fi kọnkéré àti irin díẹ̀ ṣe lè so àdúgbò méjì pọ̀ ní owó tí kò tó ti ìnáwó ìsìnkú ẹnìkan. Àwọn àdúgbò kan ti dáwó ra tiransifọ́mà iná, wọ́n dáwó ra òpó, wọ́n gbẹ́ kànga dẹ́ẹ̀pù. Mi ò mọ ìdí tí ọ̀nà àbùjá kan fi máa wá pọ̀ jù.

Níbi tí ilé ò tíì kún ni agbára wà. Ní Jámánì, wọ́n ṣe òfin kan fún ìlú Frankfurt lọ́dún 1902 tí wọ́n fi orúkọ olórí ìlú náà, Franz Adickes, pè. Japan ṣe irú tirẹ̀, ìyẹn tó ṣì wà báyìí, lọ́dún 1954. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé àwọn onílẹ̀ tó múlé ti ara wọn á kó ilẹ̀ wọn jọ sójú kan, wọ́n á pa ààlà àtijọ́ rẹ́, wọ́n á la ọ̀nà tó já síra káàkiri rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá ilẹ̀ padà fún kálukú. Ti oníkálukú á dín sí ti tẹ́lẹ̀, torí ọ̀nà ti jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù lójú títì, owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti odindi oko tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ìdí tí ẹbí mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò fi lè ṣe èyí kí wọ́n tó ta pílọ́ọ̀tì kan. Ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ẹbí tí òyìnbó máa ń pè ní ìdíwọ́, mo gbà pé ó lè rọrùn ju ti ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: mọ́gàjí mẹ́ta lẹ máa bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àádọ́rin onílé.

Àkókò ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Bí ìjọba pàápàá bá fẹ́ la ọ̀nà gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú, Òfin 1978 ní kó san owó ohun tó wà lórí ilẹ̀, bí ilé àti ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ lásán, owó ilẹ̀ ọdún yẹn nìkan ni. Ọ̀nà tí kò náni ní nǹkan kan lónìí, tó bá di pé ilé méjì ti dúró lójú rẹ̀, kò ní sí káńsù tó máa fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ lórí ẹbí tó fẹ́ gé ilẹ̀ láàárín yín àti ilé ìwé. Ẹ kó ìwé sọ́fè ilé mẹ́ta tó súnmọ́ ààlà dání, kí òǹkà òkúta ààlà wà lára wọn, kẹ́ ẹ mú ọ̀gá ilé ìwé náà dání, torí òun náà ni ilẹ̀ rẹ̀ wà lódì kejì. Ẹ lọ bá mọ́gàjí wọn kí sọ̀fẹ́yọ̀ tó kan ilẹ̀, torí tó bá ti gé e tán, tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ẹni kìíní, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án mọ́. Ibi méjì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ wọ́n fún ọ̀nà, kí pílọ́ọ̀tì mẹ́fà wà láàárín méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé ẹgbẹ́ onílé yín á san nínú owó ilẹ̀ tí ọ̀nà bá jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sì mọ̀ pé pílọ́ọ̀tì tó bá wà ní igun oríta á tà ju ti inú lọ. Ìyẹn ni ọmọ onílẹ̀ máa kọ́kọ́ gbọ́. Kí sọ̀fẹ́yọ̀ fa ojú ọ̀nà náà bá ti yín ní ọ̀kánkán, kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀nà ni, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà mìíràn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú.

Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo làwọn lè fún yín, ẹ gba èyí tó kọjú sí ilé ìwé. Bí wọn ò bá sì gbà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ṣáà rí ibi kọjá.